Fèrèsé Tó Ń Ṣókùnkùn

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni káńsù North Yorkshire ní England ti ń gba owó káńsù ní ìlọ́po méjì lórí ilé kejì tí onílé kì í gbé. Àwọn kan nínú wa ní ọ̀rọ̀ olówó ni, pé kò kan ọmọ Yorùbá tó ń háyà yàrá ní Whitby, ìlú etí òkun kan níbẹ̀. Ó kàn wá. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn 199 dé ṣọ́ọ̀ṣì St Mary, tó rí odò Esk níbi tó ti ń wọ òkun àti òrùlé pupa tó fara ti ara wọn, kò ní jiyàn pé ìlú náà rẹwà. Ẹwà yẹn náà ló ń lé ará ìlú jáde. Olówó ń ti ọ̀nà jíjìn wá ra ilé apẹja àtijọ́, ó ń fi gba àlejò nígbà ooru. Tí òtútù bá dé, fèrèsé rẹ̀ á ṣókùnkùn láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n bi àwọn ará Whitby bóyá ẹni tó máa gbé inú ilé tuntun gan-an nìkan ni kí wọ́n máa tà á fún. Ó lé ní ìdá 90 nínú ìdá 100 àwọn tó dìbò tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìbò náà kò de ìjọba lọ́wọ́, àmọ́ igbe ìlú ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa dé irú ìlú báyìí, iṣẹ́ tí kò ní ìtìjú nínú: ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kúnlẹ̀ kí àgbà mọ bí a ṣe ń gbé arúgbó dìde láìṣe é bí ẹrù. Ẹ wo àpótí irin kékeré onínọ́ńbà tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀. Lára ilé kan, tìtorí àlejò ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni. Lára ilé kejì, tìtorí àwa tá a máa wọlé láàárọ̀ wẹ ìyá tí kò lè dá dìde ni. Ọmọ tó yẹ kó máa yọjú sí i ti kó lọ síbi tí owó ilé ti mọ níwọ̀n.

Kí la wá ń fi owó iṣẹ́ náà ṣe? Ilé la ń kọ́. Ẹ rin Ìjẹ̀bú já, ẹ rin Èkìtì já, ẹ máa rí i: géètì gíga, yàrá mẹ́fà, tí ìyá arúgbó kan ń sùn nínú ọ̀kan, tí márùn-ún tó kù wà ní títì. Kérésì tàbí òkú àgbà ló ń ṣí wọn. Àwọn kan á ní tiwa yàtọ̀, pé ilẹ̀ bàbá wa ni, a ò lé ẹnikẹ́ni jáde, àti pé ilé làbọ̀ simi oko. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ló ń kọ́ ọ sórí ilẹ̀ ẹbí. Nígbà tí pọ́n-ùn bá wọ ọjà ilẹ̀, olùkọ́ tó ń gba náírà kò lè bá wa du ú, bí ọmọ apẹja Whitby kò ṣe lè bá ará London du tiẹ̀. Àbọ̀ náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tá a ní a kọ́ ọ fún ni kò gbọ́ èdè àdúgbò ibẹ̀. Ǹ bá ní ká má kọ́lé mọ́, àmọ́ ọkàn mi kò gbé e. Ẹni tí físà rẹ̀ wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo, bí wọ́n bá ní kó máa lọ, ibo ni kó lọ? Bóyá ilé títì yẹn ló ń fún un lókun láti jí lọ síbi iṣẹ́ láago márùn-ún ìdájí. Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín sí: kí ẹni tó ti kọ́ tirẹ̀ tán tẹ ẹbí láago lọ́sẹ̀ yìí, kó ní kí wọ́n ṣí yàrá méjì fún olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ tí kò tíì rílé gbé, kí Màmá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ lálẹ́.