Àkàrà Ẹdẹ, Àkàrà Bahia

Kí n tó rí ọjà tó wà nítòsí ààfin Tìmì ní ìlú Ẹdẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti gbọ́ òórùn àkàrà. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó ti agbada, ó ń po ẹ̀wà lílọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Mo dúró, mo ń wò ó.

Ìlú yìí ni ìyá ìyá mi ti dín àkàrà tà, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi rán mi níwèé. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá béèrè iṣẹ́ rẹ̀, "oníṣòwò ni" ni èsì mi. N kò fẹ́ kí àkàrà tú sépo.

Ìwé tí mo kà nípa ilẹ̀ Bùràsíìlì ni ó là mí lójú. Ní Bahia, àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú kọjá òkun kò gbàgbé àkàrà. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: àkàrà àti jẹ. Bí tiwa ni wọ́n ṣe ń bó ẹ̀wà, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń dín in nínú epo pupa. Ṣùgbọ́n wọn a máa là á sí méjì, wọn a sì fi ilá sísè, edé, ata àti vatapá, èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà àti omi àgbọn sè, sí àárín rẹ̀. Ẹ̀kọ wa ni acaçá wọn. Ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa, ni abará.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ẹdẹ, ìlú tí ìtàn Tìmì rẹ̀ kò ṣeé sọ láìdárúkọ Ṣàngó. Lọ́dọ̀ wọn, Ọya, ìyàwó Ṣàngó, ni ó ni acarajé. Amalá Ṣàngó wọn kì í sì í ṣe ọkà èlùbọ́. Ilá tí a fi epo pupa àti edé sè ni.

Ní ọdún 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ta acarajé sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin náà ni wọ́n bu ọlá fún, kì í ṣe adùn ẹnu nìkan. Ìyá àgbà mi ti kú kí n tó mọ èyí.

"Ẹ kú ọjà o, mà," ni mo wí níkẹyìn. "Ìlú yìí ni ìyá ìyá mi ti ta àkàrà."

Ó gbé ojú sókè. "Ọmọ alákàrà ni ọ́, o wá dúró bí àlejò?"

Ó dì í fún mi, ó sì fi mẹ́ta ṣe èènì.