Sípíríǹgì nìkan kọ́ o: mo jẹ yín ní àlàyé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rántí fídíò Mazda MX-5 mi? Èyí tí mo ti ní "ẹ sáà ti ra sípíríǹgì kúkúrú, ó ti parí"? Mo ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọkọ̀ 2001 ni, oníjòkòó méjì, díẹ̀ ló fi ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Owó fídíò ni mo fi rà á nígbà tí mo parí yunifásítì ní Sheffield. Mo fẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀, kó lè rẹwà nínú fọ́tò (ẹ má purọ́, ohun tí ẹ̀yin náà ń wá nìyẹn). Mo ra sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ń mú ọkọ̀ wálẹ̀ ní 30 mm. Shock ńkọ́? Ti àtijọ́ náà ni mo fi sílẹ̀. Owó ti tán.

Nínú ìgboro, ó dùn ún wà. Ibẹ̀ ni mo ti ya fídíò.

Lọ́jọ́ Sunday kan, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gba Snake Pass, ọ̀nà A57 tó gba orí òkè lọ sí Manchester. Ọ̀nà yẹn kò tẹ́jú rárá. Ní kọ́nà kan, ọkọ̀ fò sókè, ó balẹ̀, ó tún fò. Nígbà tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ "gbì!" lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ sì yọ̀ lọ sọ́nà àwọn tó ń bọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ o!

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìbàdàn tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbí, gbé e sókè, ó wò ó.

"Àbúrò, ta ló ní kó o so àwọn méjèèjì yìí pọ̀?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni."

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Tí nǹkan bá ti tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ ta padà. Shock ló ń pa ìtapadà yẹn: òróró inú rẹ̀ ń gba ojú ihò tóóró kọjá. Bí sípíríǹgì bá ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni shock gbọ́dọ̀ lágbára sí i. Tí líle sípíríǹgì bá di ìlọ́po méjì, agbára shock gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1.4. Tèmi ti lé lógún ọdún, ibo ló ti fẹ́ rí i?

30 mm yẹn ńkọ́? Inú àyè tí táyà fi ń gòkè ni mo ti gé e. "Gbì" tí mo gbọ́, rọ́bà kékeré orí ọ̀pá shock ni. Tí ọkọ̀ bá jókòó lé e ní àárín kọ́nà, àfi bíi pé sípíríǹgì di òkúta lójijì. Táyà á kàn yọ̀ ni.

Mo tọ́jú owó, mo ra shock Koni tó ṣeé yí. Kí ni mo ṣe? Mo yí i dé ibi tó le jù! Ó tún burú sí i, torí shock ò jẹ́ kí táyà tètè sọ̀ padà sílẹ̀ lẹ́yìn gbogbo gálọ́ọ̀pù. Ẹ̀gbọ́n ní kí n padà síbi tó rọ̀ jù, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà, títí ọkọ̀ á fi máa fò lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì dúró.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi pé òun ti ra sípíríǹgì tòun torí fídíò mi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dè é mọ́ ọkọ̀. Ẹ fi ọdún ọkọ̀ yín àti nọ́ńbà ara sípíríǹgì náà ránṣẹ́ sí mi lónìí. Màá bá yín bi ẹ̀gbọ́n.