Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ó yẹ kí àwa olùkọ́ rántí ọdún 2020, kí a sì jẹ́wọ́ ohun tí ó kọ́ wa.

Ní oṣù Kẹta ọdún náà, àrùn kòrónà mú kí ìjọba pàṣẹ pé kí a ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. A rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. A kò tilẹ̀ nu ojú pátákó kí a tó jáde. Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ fi di ti orí WhatsApp. Àwa tí a ti fi ẹfun kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ń jókòó ti àwọn ọmọ wa nílé kí wọ́n lè kọ́ wa bí a ti ń gba fídíò sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ogójì ìṣẹ́jú a máa gbà wá ní odindi òru: bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá dákẹ́, àkùkọ a kọ, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àpò wa ni owó dátà ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù kò pé mọ́, nítorí pé nǹkan kò rọgbọ fún àwọn òbí pẹ̀lú.

Síbẹ̀, èyí tí ó nira jù ni pé a kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Nínú kíláàsì, ojú ọmọ ni a fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò yé e. A ó padà sẹ́yìn, a ó mú àpẹẹrẹ mìíràn wá. Lórí fóònù, a kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Ọmọbìnrin kan wà ní SS3 tí ó máa ń kọ́kọ́ nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè. Lórí WhatsApp, a kò gbúròó rẹ̀. A kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀lẹ. Nígbà tí àwọn SS3 padà wọlé ní oṣù Kẹjọ láti múra fún ìdánwò WAEC, ó gbé ìwé rẹ̀ wá fún wa. Fóònù kan ṣoṣo ni ó wà nílé wọn, bàbá rẹ̀ a sì máa mú un lọ síbi iṣẹ́. Ní alẹ́, ọmọ yìí a máa da gbogbo ohun tí a tẹ̀ ránṣẹ́ kọ sínú ìwé, lábẹ́ àtùpà. Ṣùgbọ́n àwọn fídíò tí a fi òru ṣe, kò rí ẹyọ kan wò nínú wọn. Dátà wọn kò gbé e.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì wá. Olùṣọ́-àgùntàn inú Ìwé Mímọ́ fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀, ó lọ wá ẹyọ kan tí ó sọnù. Àwa pe ẹyọ kan náà ní ọ̀lẹ.

Láti ìgbà náà, kí a tó pèsè ẹ̀kọ́ tí yóò lọ sórí fóònù, a kọ́kọ́ ń bi ara wa léèrè pé: ta ni kò ní rí i gbà? Tirẹ̀ ni a ń tẹ̀ sórí ìwé, tí a sì ń fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kí òbí rẹ̀ lè wá mú un.