IRIN RÉLÙWÉÈ ÀTIJỌ́ TI DÓGÙN-ÚN: LÁTI ÌDÓ TÍTÍ DÉ Ọ̀FÀ

Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo ọkọ̀ ojú irin tuntun, ṣùgbọ́n ta ló ń bèèrè èyí àtijọ́? Mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti Ìdó dé Ọ̀fà, mo ń wọ mọ́tò, mo ń bọ́ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohun tí mo bá pàdé nìyí.

Ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Ẹrù tí àwọn ìyá ńlá wa ń fi orí rù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, rélùwéè gbà á lórí wọn.

Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe wà. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin fítà, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá yín àtijọ́ ló kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ náà ni Michael Imoudu ti ṣe olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní 1945, Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Ilé Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ṣì dúró ṣinṣin nínú ọgbà rélùwéè. Wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ rélùwéè síbẹ̀ fún ìran wò. Ká ní gbogbo tẹ́ṣàn rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá má kọ̀wé yìí.

Ní Agége, obì ni rélùwéè fi ń ṣọrọ̀. Agbọ̀n obì gbàǹja tí wọ́n fi ewé dì ló ń ti ibẹ̀ lọ Òkè Ọya, torí obì kì í fẹ́ ìdádúró: bó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, kòkòrò á dá a lu. Ní Ìfọ̀, ẹ̀ka kan yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò. Èyíun ti kú pátápátá. Igbó ti bo irin mọ́lẹ̀. Ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, ọjà ń ná lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin bí ẹni pé irin náà kò sí níbẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbi tí a dé yìí. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, Ìbàdàn ló ń parí sí, ní Mọ́níyà. Irin rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì mẹ́jọ àtààbọ̀. Irin àtijọ́ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ kò bá bàtà mu! Ọkọ̀ tuntun kò lè gun irin àtijọ́. Nítorí náà, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà, irin àtijọ́ yìí nìkan ni wọ́n ní. Bí a bá jẹ́ kó bàjẹ́ tán, kò sí òmíràn.

Òṣogbo ló dùn mí jù. Rélùwéè ló kó ilé iṣẹ́ òyìnbó wá síbẹ̀, tí ìlú náà fi di ojúkò òwò. Nígbà ìjọba Rauf Aregbesola (2010 sí 2018), ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ ń gbé èrò wálé láti Èkó nígbà ọdún. Ọkọ̀ á kún bámúbámú. Ó fi hàn pé èrò kò kọ rélùwéè sílẹ̀, rélùwéè ló kọ èrò sílẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ọ̀fà, mo rí tẹ́ṣàn tí òrùlé rẹ̀ ti jò, dẹpó ẹrù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́, àti pèpéle tí ewúrẹ́ fi ṣe ibùsùn.

Kí ló kàn wá? Ẹ wo owó tí ẹ ń san fún tírélà báyìí lórí àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti iṣu. Ẹ́ńjìnnì kan lè fa ogún wágọ̀nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni ogún tírélà kò ní ná lówó?

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ìjọba tún dẹpó àti irin ṣe. Kí ẹ̀yin tó ń ra irin àlòkù má ra irin rélùwéè lọ́wọ́ olè, torí ọ̀nà ọjà yín ni wọ́n ń hú tà. Ẹ̀yin tó ń pàtẹ sójú irin, ẹ rọra. Irin tó dà bí òkú lè jí lójijì. Ní oṣù kẹta 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ní PWD, n'Ìkẹjà, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Àwa ọmọ ìsinsìnyí kò bá ayé rélùwéè. Ẹ̀yin ìyá tó fi rélùwéè ná ọjà Kánò, ẹ̀yin bàbá tó da èédú sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ sọ iye tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ ohun tí ẹ rà àti bí ẹ ṣe jèrè. Bí àgbà ò bá sọ̀rọ̀, ibo ni ọmọdé yóò ti gbọ́ ìtàn?