Bí Mo Ṣe Ti Ìwé Àwìn Ẹ̀gbọ́n Mi Mọ́lé

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó tó kọ́ èmi fúnra mi lọ́gbọ́n.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Ní ilé ìwé wa, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ sára pátákó, àwọn ọmọ a sì máa fi ìka tẹ tábìlì bí ẹni ń tẹ dùùrù. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2015 ìdánwò JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí, ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí lẹ́tà A wà.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, inú mi dùn púpọ̀. Windows XP ni ètò tí ń darí rẹ̀, ó sì ti bàjẹ́. Àwọn tí ó ṣe XP ti ṣíwọ́ àbójútó rẹ̀ láti oṣù kẹrin ọdún 2014. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi Debian sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 1993 ni Ian Murdock dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Linux tí ó jẹ́ ọkàn rẹ̀, Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ẹ̀dà kejìlá tí ó jáde ní 2023 ni mo mú, nítorí pé ẹ̀dà kẹtàlá ti ọdún 2025 kò ṣeé fi sínú irú ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń ka síídì ti kú. Mo gbé ètò náà sórí fúláàṣì, mo wọ inú BIOS, níbi tí a ti ń sọ fún ẹ̀rọ pé ibo ni kí ó kọ́kọ́ wò bí ó bá jí. Kò dárúkọ fúláàṣì rárá. Mo wá rò ó pé, bí oúnjẹ kò bá lè gba ẹnu wọlé, kí n yọ ikùn jáde kí n lọ kún un níbòmíràn. Mo tú ìdè méjì lábẹ́ ẹ̀rọ, mo yọ hard disk rẹ̀, mo fi í sínú àpò kékeré kan tí ó ní okùn USB, mo sì gba ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ. Aṣọ ni ó ń tà ní ọjà Gbági, n'Íbàdàn.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní kọ̀ǹpútà yín lálẹ́ yìí."

Ó ní, "Tíṣà, ṣé kò ní bàjẹ́? Gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó ló wà níbẹ̀ o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe é."

Nígbà tí ètò náà bi mí pé inú hard disk wo ni kí òun wọ̀, mo rí méjì: ti ẹ̀gbọ́n mi, 500 gígábáìtì, àti tèmi, 80. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, iná lọ, bátìrì kò sì ní pẹ́ tán. Ó bi mí pé ibo ni kí GRUB jókòó sí. GRUB yìí ni adènà tí ń jí ẹ̀rọ. Mo kánjú, mo tẹ orúkọ àkọ́kọ́. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni!

Ní òwúrọ̀, mo dá hard disk mi padà sáyè rẹ̀, ẹ̀rọ kò jí. Kò pẹ́ tí fóònù mi dún. "Tíṣà, kí lo ṣe sí kọ̀ǹpútà mi? Ojú rẹ̀ dúdú, 'grub rescue' ni ó kọ. Oníbàárà mi láti Ìṣẹ́yìn jókòó síbí, ó ní ₦40,000 ni òun jẹ, èmi sì mọ̀ pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ mi kò ràn mí mọ́. Ó ti wà lẹ́nu mi láti sọ pé iná mànàmáná ni ó ṣe é. Ta ni ì bá jà mí níyàn? Ṣùgbọ́n mo rántí iye ọmọ tí mo ti nà nítorí irọ́. Mo ní, "Àǹtí mi, èmi ni mo ṣe é. Mo ṣìnà. Ẹ dárí jì mí, mo ń bọ̀."

Kò bú mi. Ó kàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì dùn mí ju èébú lọ.

Mo sáré pe ọ̀rẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọjà ṣì wà nínú ìsọ̀. Adènà ni o pààrọ̀." Ó bá mi dé Gbági pẹ̀lú fúláàṣì tí a fi ń tún Windows ṣe, ó tẹ bootrec /fixmbr, ó sì tún ẹ̀rọ tàn. Gbogbo ìwé àwìn wà ní pípé. ₦65,000 ni oníbàárà náà jẹ. Ó ní òun gbàgbé ni.

Mo tún bẹ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ da ìwé àwìn òun kọ sórí fúláàṣì, kí n sì fi ọwọ́ mi kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Mo kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ro mí. Lẹ́yìn náà ni mo fi fúláàṣì Debian dá GRUB sí orí hard disk tèmi, pẹ̀lú sùúrù.

Lónìí, ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì mi ní kíláàsì. Àwọn ọmọ ń tò sí i bí ẹni tò sídìí ẹ̀rọ omi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó wá lẹ́tà A títí kí ó tó rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò ni.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ní ẹ̀dà ìwé yín níbòmíràn kí ẹ tó yá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rọ yín, ìbáà ṣe àbúrò yín tí ó jẹ́ tíṣà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ẹ̀rọ bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ kà á tán kí ẹ tó dáhùn. Ohun tí a ń sọ fún àwọn ọmọ náà ni.