Ọjà Àwọn Ará Íńdíà ní Ìlú Durban

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìlú kan dáadáa, ọjà ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀. Ní ọjà ni a ti ń mọ ohun tí àwọn ará ìlú ń jẹ, bí wọ́n ti ń kí ara wọn, àti bí wọ́n ti ń bá àlejò gbé. Ní Durban, ìlú etí òkun ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ọjà kan wà tí àwọn ará Íńdíà fi òógùn ojú wọn dá sílẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yẹ fún gbogbo ìdílé láti gbọ́.

Báwo ni àwọn ará Íńdíà ṣe dé ibẹ̀? Àwọn òyìnbó tí wọ́n ní oko ìrèké ní Natal ni wọ́n ń wá òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Truro gúnlẹ̀ sí Durban láti Madras pẹ̀lú ènìyàn 342. Ọdún márùn-ún ni àdéhùn iṣẹ́ wọn. Ṣílè mẹ́wàá péré ni owó oṣù wọn ní ọdún kìn-ín-ní. Nígbà tí ìjọba Íńdíà fi máa fi òpin sí i ní 1911, àwọn tí a ti kó wá lé ní 152,000. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò, pàápàá láti Gujarat, tí wọ́n fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ wá.

Nígbà tí àdéhùn parí, ọ̀pọ̀ kò padà sílé mọ́. Wọ́n wá ilẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ àti èso. Ìjọba kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bu owó orí pọ́n-ùn mẹ́ta lé wọn lọ́dọọdún, kí ìnira lè lé wọn padà sí oko ìrèké tàbí sí Íńdíà. Gandhi, agbẹjọ́rò tí ó dé Durban ní 1893, wà lára àwọn tí wọ́n bá òfin náà jà. Ní 1913 àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ní 1914 sì ni wọ́n fagi lé owó orí náà.

Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn àgbẹ̀ kò yé gbé irè oko wá sí ìlú. Òru ni wọ́n ti ń gbéra, kí ilẹ̀ tó mọ́ bá wọn ní ojú ọjà. Àdúgbò Grey Street, níbi tí àwọn Mùsùlùmí Íńdíà ti ra ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí wọn ní 1881, ni òwò wọn gbilẹ̀ sí. Nígbà tí ó di 1910, ọjà àwọn ará Íńdíà ti dúró ní Victoria Street. Lónìí, mọ́ṣáláṣí náà àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì kò jìnnà sí ara wọn, ọjà sì wà nítòsí àwọn méjèèjì.

Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Òórùn ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Ata gbígbẹ, ata ilẹ̀ pupa àti oríṣiríṣi èròjà ọbẹ̀ tí a lọ̀ kúnná ni wọ́n kó jọ gègèrè bí òkìtì. Ata kan wà tí ó ta ju gbogbo wọn lọ. Bí a bá túmọ̀ orúkọ rẹ̀, Apàna ni, ìyẹn èyí tí ń pa ìyá ìyàwó! Ẹ má rà á fún àna yín o. Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Oúnjẹ kan sì wà tí Durban fi gbajúmọ̀, tí wọ́n ń pè ní bunny chow. Wọ́n á gé búrẹ́dì sí méjì, wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n á bu ọbẹ̀ kọ́rì ẹ̀wà tàbí ti ẹran sí i, wọ́n á sì fi èyí tí wọ́n gbẹ́ jáde dé e lórí. Ọwọ́ ni a fi ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjà yìí ti rí ìbànújẹ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Victoria Street láàárín ará Íńdíà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù àti ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí kò ju ọmọ ọdún 14 lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì di ogun ìlú. Àwọn aláwọ̀ dúdú kọjú ìjà sí àwọn ará Íńdíà, wọ́n ń jó ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọlọ́pàá àti ológun náà yìnbọn. Ènìyàn 142 ni ó kú, aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú wọn ju ará Íńdíà lọ. Òfin ìjọba ti ya àwọn ẹ̀yà sọ́tọ̀, ìṣẹ́ ń bá gbogbo wọn jà, ẹni tó sún mọ́ni ni wọ́n sì rí bí ọ̀tá.

Lẹ́yìn èyí, ní 1973, iná jó ọjà Victoria Street kanlẹ̀. Àwọn oníṣòwò kó lọ sí ibi tí wọ́n fún wọn fún ìgbà díẹ̀, ó sì di 1990 kí ilé ọjà tuntun tó ṣí. Ní 2009 ẹ̀wẹ̀, ìjọba ìlú fẹ́ wó ọjà òwúrọ̀ tó wà ní Warwick kí wọ́n lè kọ́ ilé ìtajà ńlá síbẹ̀, nítorí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2010. Àwọn ará Íńdíà àti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń tajà níbẹ̀ para pọ̀, wọ́n wọ́de, wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́. Ọjà náà kò wó.

Ẹ rò ó wò. Ní 1949 wọ́n ń pa ara wọn. Ní 2009 wọ́n jọ gba ọjà kan sílẹ̀. Victoria Street fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ Bertha Mkhize báyìí, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jà fún òmìnira. Àwọn àgbà wa sọ pé ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá rán ọmọ lọ sọ́jà, tàbí tí ẹ sìn ín lọ sí ìlú òkèèrè, ẹ kọ́ ọ ní ìṣirò owó, ẹ sì kọ́ ọ ní bí a ti ń bá ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹni gbé, ìbáà ṣe pé èdè wọn kò bára mu. Ọjọ́ tí iná bá jó tàbí tí wọ́n bá fẹ́ wó ọjà, ará ìsọ̀ yẹn ni yóò dúró tì í.