Suame, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹ̀yìn fẹ́ńdà kí wọ́n tó wo iwájú rẹ̀

Takisí ni àlejò kọ́kọ́ ń rí ní Gánà, fẹ́ńdà takisí náà ni ojú rẹ̀ sì kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ní Èkó, àwọ̀ yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú ni a fi ń dá ọkọ̀ akérò mọ̀. Ní ti àwọn ará Gánà, ara takisí lè funfun, ó lè jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí táyà wà, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni wọ́n ń kùn ún. Ohun tí èyí fà ni pé ibi tí ìpẹtà fẹ́ràn jù lọ lára mọ́tò gan-an ni wọ́n fi ọ̀dà tó ń pariwo sí. Bí fẹ́ńdà bá ti jẹ, kò sí ọgbọ́n tí onítakisí lè dá tí ará ọjà kò fi ní rí i.

Kumasi, olú ìlú àwọn Àṣáńtì, ni mo ti lọ wo bí wọ́n ṣe ń tún irú fẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìlú náà fi nǹkan bí 250 kìlómítà jìnnà sí Accra. Inú ilẹ̀ igbó ni ó wà, òjò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Bí a bá kúrò ní ọjà Kejetia, tí a forí lé ọ̀nà àríwá tó lọ sí Offinso àti Techiman, a ó kan oríta ńlá Suame. Láti ibẹ̀ lọ, etí ni a fi ń rìn, nítorí ìró òòlù lórí irin ni yóò mú wa dé ibi tí wọ́n ń pè ní Suame Magazine.

Orúkọ náà lè ru ọ̀mọ̀wé lójú, nítorí wọn kò tẹ ìwé ìròyìn kankan níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà àti ẹ̀tù ìbọn pamọ́ sí láyé àwọn òyìnbó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kúrò láàárín ìlú lọ síbẹ̀, orúkọ kò kúrò nílẹ̀. Lónìí, kò sí ẹ̀yà ara mọ́tò tí ènìyàn ń wá tí kò ní rí ẹni tí yóò tà á, tí yóò tún un ṣe, tàbí tí yóò rọ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì níbẹ̀. Straightener ni wọ́n ń pe ẹni tí àwa ń pè ní pánẹ́ẹ̀bítà.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Gánà dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970 títí wọ 1983, tí owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọn ìbá fi ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ́n bí ojú, àwọn ará Suame ni kò jẹ́ kí mọ́tò ilẹ̀ náà dúró. Ohun tí wọn kò rí rà, wọ́n rọ ọ́. Ní 1980, yunifásítì tó wà ní Kumasi kọ́ ibùdó kan sí àárín wọn, tí a mọ̀ sí ITTU, kí àwọn oníṣẹ́ lè kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin àti bí a ṣe ń da irin. Ní 2013, oníṣẹ́ ọnà ará Netherlands kan, Melle Smets, àti onímọ̀ nípa àwùjọ, Joost van Onna, bá wọn kọ́ odidi ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Turtle. Àwọn oníròyìn òkèèrè pọ́n ọkọ̀ yẹn lé gan-an. Èmi kò bá ti ọkọ̀ tuntun lọ ní tèmi. Fẹ́ńdà jíjẹ ni mo bá lọ.

Bàbá tí mo jókòó tì fún ọjọ́ méjì ààbọ̀ kò fẹ́ kí n kọ orúkọ òun. Èdè Yorùbá ni a fi sọ̀rọ̀. Mushin ni ó ti kọ́ṣẹ́, láti 1977 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn, tí àwọn ará Gánà sì di ẹrù sínú báàgì tí a ṣì ń fi orúkọ wọn pè títí dòní. Kí a má dá ẹjọ́ apá kan, ẹ jẹ́ kí n rántí pé àwọn náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa ṣáájú: ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi sì wà lára àwọn tó kó ẹrù. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina, èyí tí í ṣe ọṣẹ àwọn Alata, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwa, ṣì wà lórí àtẹ títí dòní. Ti 1983 ni Yorùbá tí bàbá ń sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun kan níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi létí ju èyí tí a ń gbọ́ lórí rédíò lọ.

Opel Astra kan ni ó wà níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tí mo dé. Fẹ́ńdà ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ní àyíká ẹnu táǹkì, ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti tún un ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò dá a lóhùn. Ó fi kókó ìka kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn dún gbọn-in. Ó kan fẹ́ńdà, fẹ́ńdà dún pọ̀ bí ògiri amọ̀. Ni ó bá ti sukudíráfà bọ abẹ́ rẹ̀, ó sì hú u. Èèpo fílà tó nípọn tó ìka ọwọ́ já bọ́ sílẹ̀. Ihò tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé ìròyìn tí wọ́n rún mọ́ra ni wọ́n sì fi dí i. Mo tú ìwé náà wò, bóyá tiwa ni. Èdè òyìnbó ni, a dúpẹ́.

“Ọmọ mi, ṣé o rí i?” ni bàbá wí. “Ẹni tó ṣe èyí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.”

Awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Twi, ó sọ ọ́ pẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá pé, “Kí ni ó ń wí, Bàbá?”

“Ó ní kí n kàn lẹ fílà mìíràn sí i. Ó fẹ́ ta ọkọ̀ náà ní oṣù tó ń bọ̀.”

“Ẹ̀yin wá fún un lésì wo?”

“Mo ní kí ó padà tọ ẹni tó lẹ ti àkọ́kọ́ lọ.”

Ọmọkùnrin náà bínú jáde. Ó tó wákàtí kan kí ó tó padà wá, tí ó sì gbà pé kí wọ́n gé e. Ó hàn lójú rẹ̀ pé owó tí yóò san dùn ún. Èmi rò ó pé ẹnì kan wà ní ìgboro Kumasi tí yóò ra ọkọ̀ yẹn, tí kò ní mọ̀ láéláé pé wákàtí kan ni ó kù kí wọ́n ta ihò fún òun.

Ìpẹtà, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní ìpáàrà, kì í ti ìta bẹ̀rẹ̀ lára fẹ́ńdà. Omi àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n jọ ń jẹ irin, wọn kì í sì í lè jẹ ibi tí ọ̀dà bá bò dáadáa. Ṣùgbọ́n ní etí fẹ́ńdà ẹ̀yìn, níbi tí páànù òde àti ti inú ti pàdé tí wọ́n ká wọn pọ̀, ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè a dúró síbẹ̀, kì í tètè gbẹ, irin náà a sì wà nínú ọ̀rinrin tọ̀sán-tòru. Irin tó bá ti di ìpẹtà a fẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ti ọ̀dà dìde láti inú. Nígbà tí a bá fi rí iléròrò lójú ọ̀dà, ẹ̀yìn ti jẹ tán.

Púpọ̀ nínú àrùn yìí, láti òkèèrè ni ọkọ̀ ti ń rù ú bọ̀. Ní Jámánì, Bẹ́líjíọ́ọ̀mù, Kánádà àti apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù kí yìnyín má bàa mú ọ̀nà yọ̀. Iyọ̀ a bá omi wọ inú ìpàdé páànù, a sì mú kí ìpẹtà yára. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká sọ ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín 2015 sí 2018, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó wá sí Áfíríkà. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé Tema tàbí Àpápá, òjò wa kàn ń parí iṣẹ́ tí iyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Irinṣẹ́ bàbá kò kún àpótí kan. Òòlù mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan olórí pẹrẹsẹ, ọ̀kan ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ọ̀kan onígi. Ó ní ṣísẹ́ẹ̀lì, fáìlì, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti àlùmọ́gàjí tí a fi ń gé páànù. Ó ní àpò awọ tí wọ́n rọ yanrìn kún, ègé irin ojú ọ̀nà rélùwéè kan tí ó sọ di owú, àti irin dídán kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́ bí ọṣẹ, tí wọ́n ń pè ní dọ́lì.

Kí wọ́n tó fi òòlù kan ohunkóhun, ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tú táǹkì epo kúrò, kí wọ́n sì gbé e jìnnà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi aṣọ tútù dí ẹnu táǹkì, tí wọ́n sì ń pe ìyẹn ní ìṣọ́ra. Wọ́n fọ ẹrẹ̀, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ó sì ń fi sukudíráfà gún páànù kiri títí ó fi kan ibi tó le. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ní ìbú ìka kan sẹ́yìn ibi tó le náà. “Bí o bá gé e sí etí ihò, inú ìpẹtà ni o máa jó o mọ́,” ni ó wí. Ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi gé e, kì í ṣe iná, kí páànù má bàa gbóná ká.

Ó gbé páálí lé ojú ihò náà, ó fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀, ó sì gé e. Ìyẹn ni ìwọ̀n. Òrùlé ọkọ̀ kan tó ti forí sọ ni wọ́n ti gé páànù tuntun. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lo dúrọ́ọ̀mù epo, tó pọ̀ nílẹ̀ lọ jàra. Ó ní páànù ara ọkọ̀ kò nípọn tó mìlímítà kan, dúrọ́ọ̀mù sì nípọn jù ú lọ. Bí a bá jó nípọn mọ́ tínrín, kí nípọn tó gbóná, tínrín ti yọ́.

Orí àpò yanrìn ni wọ́n ti fi òòlù onígi lù ú kí ikùn rẹ̀ lè yọ. Orí irin rélùwéè ni wọ́n ti ká etí rẹ̀. Àárín yìí ni iṣẹ́ náà ti pẹ́ jù lọ. Á lù ú díẹ̀, á gbé e dé ojú ihò, á mirí, á tún gbé e padà. Mo ka ìgbà mọ́kànlá. Ó tẹ etí ihò náà wọlé ní ìwọ̀n sísanra páànù, kí ègé tuntun lè jókòó sínú rẹ̀ láìyọrí.

Gáàsì tí wọ́n fi jó o, òkúta kábáìdì tí wọ́n da omi sí nínú ìkòkò irin ni ó ń mú un jáde, ó sì ń rùn bí aáyù. Wọn kò jó o lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó jó o ní kókó kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi àkísà tútù pa ooru rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí páànù tínrín tó bá gbóná jù a ká bí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni ó ti dọ́lì bọ ẹ̀yìn, tí ó sì ń fi òòlù pẹrẹsẹ lu iwájú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń yẹ ojú irin wò ju bí ojú rẹ̀ ti ń wò ó lọ. Fílà tí wọ́n fi kún un ní ìkẹyìn kò ju kí a fi bo ojú òòlù. Inú ni ó pẹ́ sí: ó kun ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà, ó fi kólítà bò ó, ó sì fi wáyà la ihò tí omi ń gbà jáde.

Bàbá ní ọmọ iṣẹ́ méjì péré. Ó ti ní mẹ́sàn-án rí. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara àlòkù, tí wọ́n ń pè ní home used, wà ní ìsọdá títì. Fẹ́ńdà iwájú kò ṣòro, bóòtì ni ó dè é mọ́ ọkọ̀. Sípánà 10 a tú u, a sì fi òmíràn dè é kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ní owó tí kò tó ìdajì owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì. N kò rí ohun tí mo lè fi dá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ti ẹ̀yìn nìkan ni ó ku oníṣẹ́ òòlù kù, nítorí ó jẹ́ ara kan pẹ̀lú ọkọ̀, a kò lè tú u. Àwọn tó sì ń fi fílà àti ìwé ìròyìn dí i ń fi wákàtí méjì parí ohun tí bàbá ń fi ọjọ́ méjì ṣe. Ojú àwọ̀ ọsàn náà kò sì fi ìyàtọ̀ hàn títí òjò yóò fi dé.

Ẹni tó bá ń lọ ra tòkunbọ̀ nílé wa, kí ó fi òòfà kékeré sí àpò. Kí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kí ó má bàa ha ọ̀dà, kí ó sì gbé e yí etí fẹ́ńdà ẹ̀yìn ká. Ibi tí irin bá wà, yóò lẹ̀. Ibi tí fílà bá nípọn, yóò já bọ́. (Àwọn ọkọ̀ kan wà tí fẹ́ńdà iwájú wọn jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tàbí rọ́bà líle, òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ìyẹn, kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ni jẹ.) Kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó ti ọwọ́ bọ inú, lókè táyà, kí ó fọwọ́ tọ ibi tí páànù ti ká. Bí ó bá rà á, kí ó ní kí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ máa darí omi síbẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní àsìkò òjò, kí wọ́n sì la àwọn ihò omi náà bí ẹrẹ̀ bá ti dí wọn.